Ẹbọ Ògiri ní Òpópónà Ọlọ́dẹ̀dẹ̀

"Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná, Àlhájì! Mo ní kì í ṣe ewúrẹ́."

"Kì í ṣe ewúrẹ́ kẹ̀? Àgùntàn ni?"

"Kì í ṣe àgùntàn."

"Ìyá Tájù, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé màlúù ni o. Iléyá ń bọ̀, èyí tá a máa pa gan-an, a ò tíì mọ ibi tó ti máa wá."

"Ògiri ni," ni obìnrin náà wí. "Ògiri iwájú ìsọ̀ wa. Wọ́n ní ká wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀."

Àwọn ọlọ́jà mọ́kànlá ló jókòó sínú ìsọ̀ Àlhájì Lásúpọ̀ onífóòmù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí fóòmù ni gbogbo wọn sì jókòó sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni fóòmù ọ̀hún kò ti rẹ́ni rà á, ó kúkú ti di àga. Sílífátù aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun, tó ń tún agogo ọwọ́ ṣe, yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wò wọ́n bóyá àwọn ènìyàn kan náà ni òun ṣì ń rí.

"Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?" ni Àlhájì Lásúpọ̀ bèèrè.

"Ìyá Efúnyẹlá tó ń da owó ẹyọ ni."

Àlhájì rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú.

Ọ̀rọ̀ tó gbé Múnírátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tájù, dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà kò pa á lẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Inú ìsọ̀ abọ́ tánganran tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni obìnrin náà jókòó sí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Rájí Alábọ́ ni wọ́n ń pe bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Nígbà kan, kò sí ìyàwó tó ń re ilé ọkọ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ kò ní ní abọ́ Rájí nínú. Ṣùgbọ́n ọjà ti kú. Òpópónà Ọlọ́dẹ̀dẹ̀ látòkè délẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ mìíràn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni kan ṣoṣo tó máa wọ inú ìsọ̀ Múnírátù ni ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà ibòmíràn.

Àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta, tí Sákárìyáù jẹ́ àgbà wọn, wá bá a. Wọ́n ní ẹnì kan ń wá ibi tí yóò máa kó sìmẹ́ǹtì sí, ó sì fẹ́ ra ìsọ̀ náà. Wọ́n ní kó dúró di Iléyá. Bí oníbàárà bá padà kó tó di Iléyá, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá padà, kó kó abọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́ta ló kù kí Iléyá dé.

Ìdí nìyẹn tí Múnírátù fi da ìborùn borí, tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Ìyá Efúnyẹlá lẹ́yìn ilé ẹjọ́ àtijọ́. Ọmọ ìmàle ni, kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Bó ti ń yà wọlé, ó pàdé obìnrin mìíràn tó ń jáde, tí òun náà fi ìborùn bojú. Ọkọ obìnrin yẹn máa ń kírun ní ìlà kìíní. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn.

Ìyá àgbà náà da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ. Mọ́kànlá ló ṣíjú sókè. Ó wò ó, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò kánjú:

Ọ̀nà ò lẹ́nu, ọ̀nà ń pe èrò wá.
Ilé ò lẹ́sẹ̀, ilé ń retí ẹni tí yóò wọlé.
Ẹni tó bá dínà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ ló tì mọ́lé.
Ló dá fún òpópónà kan
Tó ń fojoojúmọ́ sunkún àìróníbàárà.
Wọ́n ní kó káalẹ̀, ẹbọ ni kó ṣe.

"Mo ti ṣe tán láti rú u, Ìyá," ni Múnírátù wí. "Kí ni kí n mú wá?"

"Má mú nǹkan kan wá. Ohun tẹ́ ẹ mú lọ ni kẹ́ ẹ dá padà."

"Kí la mú, Ìyá?"

"Mélòó nínú yín ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ọlọ́dẹ̀dẹ̀?"

Múnírátù ní òun kò mọ̀. Ìyá Efúnyẹlá bá sọ ọ́ fún un, nítorí ìyá rẹ̀ ló sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún òun náà, ìyókù sì ṣojú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú, tí àwọn òyìnbó àti àwọn Kòráà, àwọn ará Lẹ́bánọ́nì, wá ń kọ́ ìsọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ títí dé ilé ẹjọ́, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé níwájú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀kan wọ inú ti èkejì. Àgbẹ̀ tó ta kòkó rẹ̀ tán lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí òjò ń pa igún, kó rìn dé iwájú adájọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan bọ́ sí fìlà rẹ̀. Bó bá sì ti ń rìn bẹ́ẹ̀, ọjà ló ń wò lọ́tùn-ún. Ó rí aṣọ, ó dúró. Ó rí àtùpà, ó dúró. Kó tó dé ilé ẹjọ́, ó ti ra abọ́ fún ìyálé, ó ti ra abọ́ fún ìyàwó, ó sì ti gbàgbé ohun tó ń bá ẹlẹ́jọ́ rẹ̀ jà lé lórí.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, onísọ́ọ̀bù kì í gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń gbá. Ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì ló sì ń bá a gbá tirẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà la ẹnu sọ pé òun ló ni ibẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín.

"Nígbà tó yá," ni ìyá àgbà náà wí, "ẹnì kan mọ ògiri yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ ká, kí inú ìsọ̀ rẹ̀ lè tóbi sí i. Èkejì rí i, ó ní òun ò ní í kéré. Ẹ̀kẹta náà mọ ọ́n. Títí ẹ fi mọ ọ́n tán. Ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí títì, ọkọ̀ ń lé e, ọ̀kadà ń gbá a. Ta ló máa dúró láàárín títì kó máa yẹ abọ́ wò? Ẹ wá ní ọjà tuntun lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló fi oògùn kó oníbàárà yín lọ."

"Ìyá, ìdajì ẹrù mi ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn."

"Ta ló ń rà á?"

Múnírátù fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ wó ògiri," ni Ìyá Efúnyẹlá wí. "Bí ẹ bá wó o tán, kí olúkúlùkù gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹbọ yín nìyẹn. Kò sí òmíràn."

Ohun tí Múnírátù wá jíṣẹ́ rẹ̀ fún wọn lórí fóòmù nìyí, tí Àlhájì Lásúpọ̀ fi ń rẹ́rìn-ín.

"Àwa náà kúkú ti rúbọ," ni Àlhájì wí, nígbà tó rí èémí mí. "Ewúrẹ́ méjì la gbé sí oríta. Èmi gan-an ni mo dá owó tó pọ̀ jù."

"Ajá ló jẹ ewúrẹ́ yẹn, Àlhájì," ni Sílífátù wí.

"Ajá ló yẹ kó jẹ ẹ́! Ṣé ìwọ ló yẹ kó jẹ ẹ́ ni? Ẹ gbọ́, ìyá arúgbó tí òrùlé tirẹ̀ ń jò ló ní kí n wólé mi. Lọ́jọ́ tó bá fi páànù bo orí ara rẹ̀, kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ilé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ohun tí a máa fi ọwọ́ ara wa bàjẹ́."

"Àmín," ni àwọn mẹ́jọ wí.

Múnírátù, Sílífátù àti Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun kò ṣe àmín. Nínú mọ́kànlá, àwọn mẹ́ta yìí ló gbà láti rú u. Ìsọ̀ wọn tẹ̀ lé ara: ti Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun, ti Sílífátù, ti Múnírátù. Ẹni tó wá wà lọ́wọ́ ọ̀tún Múnírátù ni Àlhájì Lásúpọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Kàmórù bíríkìlà gbé òòlù ńlá dé. Èrò pọ̀. Ó ti pẹ́ tí èrò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní òpópónà náà, ohun tí wọ́n sì wá wò ni wèrè tó fẹ́ wó ìsọ̀ ara rẹ̀. Múnírátù dúró sórí àpótí, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tó fẹ́ re ilé ọkọ. Ó ní kí àwọn ará òpópónà má bínú sí òun, kí wọ́n bínú sí àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mì. Ó ní bàbá òun, Rájí Alábọ́, kò fẹ́ mọ ògiri rí láyé rẹ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò olójúkòkòrò ló mọ tiwọn yí i ká tí kò fi rọ́gbọ́n ta sí i. Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ilé Lásúpọ̀. Àwọn ènìyàn ń mi orí. Gbogbo wọn ló mọ Rájí sí èèyàn jẹ́jẹ́.

Kàmórù lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ré sílẹ̀ ní abala kan tó gbòòrò bí ẹní. Lábẹ́ rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì àkọ́rẹ́ wà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tún un rẹ́. Ìwé kan wà lára rẹ̀. Ìka ni ẹni náà fi kọ ọ́ nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tútù, bí àwọn onílé ti máa ń ṣe kí ọmọ lè mọ ọdún tí bàbá kọ́lé.

Kàmórù dá òòlù dúró. "Ìyá Tájù, kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

Àlhájì Lásúpọ̀ kò jẹ́ kí Ìyá Tájù kà á. Ó ti sún mọ́ ọn, ó sì fi ohùn tó máa ń fi kéde ìpàdé kà á: "RÁJÍ ALÁBỌ́. 1974. OHUN MI NI."

Ó wá yí padà. Ó na ọwọ́ sí òkè ilẹ̀kùn tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n mọ ògiri sí pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ọdún 1976 ló wà níbẹ̀. Ti Sílífátù jẹ́ 1977. Ti Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun jẹ́ 1979. Àwọn èrò ń wò láti ilé dé ilé, wọ́n ń ka ọdún. Kò sí èyí tó ṣáájú ti Rájí.

Múnírátù sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó jókòó sínú òkúta àti eruku pẹ̀lú aṣọ àǹkárá tuntun tó wọ̀ nítorí ọjọ́ náà. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn là sílẹ̀ ni. Àlhájì, tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Múnírátù dìde, ó kọjá láàárín èrò, ó gba ojú ọ̀nà gan-an lọ sọ́dọ̀ Ìyá Efúnyẹlá. Lọ́jọ́ yẹn kò ráyè ìborùn.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ojú mi ni bàbá rẹ ṣe mọ ọ́n. Ìyá rẹ ló ń pọn omi fún bíríkìlà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Oníbàárà lo bèèrè, o ò bèèrè bàbá. Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá wó o?"

"N ò ní wó o," ni Múnírátù wí.

"Ó dáa. Ó kù sí ọ lọ́wọ́ báyìí. O lè ní kí Kàmórù fi sìmẹ́ǹtì bo orúkọ yẹn, kí bàbá rẹ máa jẹ́ ẹni rere níbẹ̀. O sì lè rúbọ."

Ó padà dé, ó bá Kàmórù tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Ibi tí orúkọ yẹn wà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ti là. Abọ́ Múnírátù, tí kò rí ààyè mọ́, ni wọ́n tò lé ara wọn nínú ìsọ̀ kékeré tó kù, láti ilẹ̀ títí kan àjà. Láti ọjọ́ kejì, kí àwọn ọkọ̀ tó máa dún, ó ti mú ìgbálẹ̀. Sílífátù ń bá a gbá tirẹ̀, òun náà ń gbá ti ọwọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ògiri Lásúpọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó gbá ìdí ògiri.

"Ìyá Tájù, ẹ kúuṣẹ́ o," ni Àlhájì ń kí i láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀yìnkùlé mi náà dọ̀tí, bí ẹ bá ráyè."

"Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Àlhájì. Wọn ò kọ ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọn."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún pé, kò sí nǹkan kan. Ó di ogún ọjọ́. Sákárìyáù mú onísìmẹ́ǹtì wá wo ibẹ̀, ọkùnrin náà sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó bínú pé wọ́n ti gé e kúrú. Múnírátù kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta sí i ni òjò àkọ́rọ̀ já lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n sá kọjá ògiri, ògiri, ògiri, wọ́n dé ibi tó ṣófo, wọ́n ya síbẹ̀. Ogójì ènìyàn ló rún ara wọn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Òjò kò dá. Ẹni tó bá dúró fún wákàtí méjì láìsí iṣẹ́, ojú rẹ̀ á wá iṣẹ́. Ọkùnrin kan rántí pé agogo òun ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin méjì ń yẹ aṣọ Sílífátù wò. Ìyá kan láti Ìkirè, tó ń wá ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà tuntun, fi ìka kan abọ́ tánganran kan, ó dún. Ó pariwo pé, "Ṣé irú èyí ṣì wà láyé?" Ọjà tuntun kò rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣe ni ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú àwọn àǹtí ìyàwó mẹ́fà.

Ẹnu ya àwọn mẹ́jọ tó ṣe àmín. Oníbàtà inú wọn ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe Kàmórù. Ó ní kì í ṣe ẹbọ lòun ń rú o, ó ní ooru ló ń mú òun. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbogbo wọn. Láàárín oṣù kan àbọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tún ń rìn lábẹ́ òrùlé láti ibùdó ọkọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, àfi ibì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Àlhájì Lásúpọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, wọ́n á bú ògiri rẹ̀, wọ́n á yí i po, wọ́n á tún gòkè lódìkejì. Ta ló máa ra fóòmù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú?

Ìkángun rẹ̀ ni pé Àlhájì, láti fi hàn pé òun kò bẹ̀rù, ra ẹrù lọ́rì kan ní Èkó. Lọ́rì ọ̀hún dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Àlhájì fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ pé kó máa fẹ̀yìn bọ̀, kó máa bọ̀, àyè ṣì wà. Ní gbogbo òpópónà náà, ògiri kan ṣoṣo ló yọ síta. Ẹ̀yìn lọ́rì kò ṣì í. Gbàà! Ọlọ́run yọ Àlhájì, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògiri ọdún 1976 wó sínú gọ́tà, fóòmù tuntun sì dà tẹ̀ lé e, ó ń mu omi gọ́tà bí ẹni tó ti ààwẹ̀ dé. Ẹbọ tó kọ̀ láti rú, lọ́rì tirẹ̀ ló bá a rú u, kò sì ṣẹ́ ohunkóhun kù fún un. Àwọn tó rí i kò lè rẹ́rìn-ín. Àlhájì ń gbé fóòmù kan sókè, ó ń fún un bí aṣọ, ó ń wí pé, "Ǹ bá ti gbọ́. Ǹ bá ti gbọ́."

Báyìí ni ti Ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o, àǹfààní rẹ̀ ló jẹ. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe ẹ̀fẹ̀, àbámọ̀ ló kó bọ̀ láti inú gọ́tà. Ṣùgbọ́n Múnírátù kò rúbọ nítorí òpópónà. Nítorí kí wọ́n má baà gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe rú u, ìyẹn kò sì tíì yanjú.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Sákárìyáù àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wá. Wọ́n jókòó sórí ìjókòó oníbàárà nínú ìsọ̀ náà, abọ́ yí wọn ká dé àjà. Sílífátù àti Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun wà ní ẹnu ọ̀nà.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Sákárìyáù wí. "Ìsọ̀ bàbá wa ti jí. A ò tà á mọ́, onísìmẹ́ǹtì ti lọ. Àmọ́ ohun tó ti di ńlá báyìí, ọkùnrin ló yẹ kó wà nídìí rẹ̀. Ohun bàbá wa ni. Múnírátù, o ti ṣe dáadáa, ó tó gẹ́ẹ́, lọ sinmi nílé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa bójú tó o."

Sílífátù fi ọwọ́ lérí. Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun fẹ́ sọ̀rọ̀, Múnírátù fi ojú dá a dúró. Kí ó tó dáhùn, ohùn obìnrin kan wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Ẹ kú ọjà o! Ẹ bá mi mú abọ́ ọlọ́mọrí, kì í ṣe èyí tó kéré jù o, èyí tó tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ ewé, tí kò ní òdòdó lára. Mẹ́fà ni mo fẹ́, ọkọ̀ ń dúró dè mí."

Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú sókè. Abọ́ ló wà lọ́tùn-ún, abọ́ ló wà lósì. Aláwọ̀ ewé tó ogún oríṣi. Ọmọrí wà ní tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí Ọlọ́run àti ẹnì kan mọ̀.

"Ṣé kò sẹ́ni ńlé ni?" ni obìnrin náà tún wí.

"Wọ́n wà ńlé, ìyá," ni Múnírátù dá a lóhùn. Ó ká ọwọ́ lérí itan, ó sì yíjú sí àwọn arákùnrin rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ bàbá mi, ta nínú yín ni kí n sọ fún un pé ó ń gbé e bọ̀?"